ÌDÁNÁ ALÁGBÈÉKÁ NÍ DÙGBẸ̀: BÍ A ṢE Ń YAN TÁBÌLÌ ÀTI SÍTÓÒFÙ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ìdáná pọ́ńbélé ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà ti ṣàkíyèsí pé bí a bá to òkúta mẹ́ta, ìkòkò yóò jókòó lé wọn láìmì, bí ilẹ̀ tilẹ̀ rí gbágungbàgun. Bí òkúta bá di mẹ́rin tí ọ̀kan sì kúrú, ìkòkò yóò máa yẹ̀ síhìn-ín, yóò máa yẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ̀kọ́ ìṣirò fara mọ́ èyí: ojú ibi mẹ́ta péré tí kò tò sórí ìlà kan náà ti tó láti gbé ohun kan dúró ṣinṣin. Láti orí òwe yìí ni ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ yíyan ohun ìdáná bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdúró ni a ń yàn kí a tó yan iná.

Ọ̀rọ̀ náà kan Dùgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni èrò ti ń wọ́ sí agbègbè yìí. Nígbà tí a sì parí Ilé Kòkó alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ọdún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, akọ̀wé, oníṣòwò àti arìnrìn-àjò túbọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò jẹun. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń bọ́ wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń gbé ìdáná wọn dé ní ìdájí, wọn a tò ó, wọn a tà, wọn a sì tú u palẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bákan náà ni àwọn alásè tí ń se oúnjẹ ìnáwó ní ìta gbangba, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ pàgọ́ fún ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo ìdáná tí a bá ń gbé kiri báyìí ni a ń pè ní ìdáná alágbèéká.

Ìdáná alágbèéká tí ó pé máa ń ní apá mẹ́rin: ibi iná, ibi iṣẹ́ ọwọ́, ibi tí epo tàbí gáàsì ń gbé, àti ibi omi. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìdáná tí a lè tú tí a sì lè tún tò ni pé apá kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀. Bí sítóòfù bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́ láìfọwọ́ kan tábìlì. Bí ọjà bá gbòòrò, a ó fi tábìlì kejì kún ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì ńlá kan ṣoṣo ti so ẹsẹ̀ gbogbo wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣubú, gbogbo wọn ni yóò ṣubú.

Oúnjẹ ni ó ń yan gíga iná

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, àwọn kan a ní iye owó sítóòfù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn mìíràn a ní ẹwà tábìlì ni, nítorí pé ojú ni oníbàárà fi ń rà kí ó tó fi ẹnu tọ́ ọ wò. Èrò méjèèjì ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn: kí ni a fẹ́ sè?

Ẹ jẹ́ kí a wo àmàlà. Ẹni tí ń rokà kì í kàn ń da nǹkan pọ̀. Ó ń fi agbára tẹ orógùn sísàlẹ̀, ó sì ń fi í ti ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá wà lórí tábìlì gíga, títì ẹ̀gbẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ bì í ṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń gbé ìkòkò àmàlà sílẹ̀, lórí àdògán onírin tàbí ààrò tí kò ga, tí wọ́n sì ń wá ohun tí yóò di ìkòkò náà mú kí wọ́n tó rò ó. Kì í ṣe àìní tábìlì ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ni.

Àkàrà àti dùndú náà kò fẹ́ iná gíga. Agbada kún fún òróró gbígbóná, ẹni tí ń dín in sì gbọ́dọ̀ máa wo inú rẹ̀ láti òkè. Bí agbada bá ga dé àyà tí ó sì yí dànù, àyà àti ojú ni òróró yóò bá. Ó sàn kí ó wà nísàlẹ̀, kí a jókòó sórí àpótí tì í. Ṣùgbọ́n iná ìsàlẹ̀ ní ewu tirẹ̀: ọmọdé lè rìn wọ inú rẹ̀, aṣọ ẹni tí ń kọjá sì lè fà á. Nítorí náà, ó yẹ kí ohun ìdènà kan wà láàrin rẹ̀ àti ọ̀nà tí èrò ń gbà.

Ẹni tí ń din ẹyin tàbí tí ń po tíì yàtọ̀. Ohun èlò rẹ̀ kéré, kò sì nílò agbára púpọ̀. Ó lè gbé sítóòfù kékeré sórí tábìlì tí ó ga dé ìbàdí. Ìbàdí náà ni ó bá ewébẹ̀ rírẹ́ àti ẹran gígé mu, nítorí pé ẹ̀yìn ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní pẹ́ dun ún. Kókó rẹ̀ ni pé iná ńlá a máa wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ a máa wà lókè.

Tábìlì àti ẹsẹ̀ rẹ̀

Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù 1. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ó gba lítà 20 yóò wọn kìlógíráàmù 20, láìka ìkòkò fúnra rẹ̀ àti ẹran inú rẹ̀. Bí a bá gbé méjì irú rẹ̀ sórí tábìlì tí a fi kún àwo àti abọ́, tí oníbàárà sì tún fi ìgúnpá lé etí rẹ̀, ẹrù náà ti kúrò ní kékeré. Kí a tó ra tábìlì, ó yẹ kí a gbé garawa iyanrìn tàbí omi tí ó wúwo ju ẹrù wa lọ sórí rẹ̀, kí a sì tì í láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá mì níwájú ẹni tí ó kàn án, yóò ṣubú lójú ọjà.

Níhìn-ín, ẹnì kan lè bèèrè pé bí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í bá mì, èéṣe tí a kò fi ṣe tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àìmì yàtọ̀ sí àìṣubú. Ìkòkò orí ààrò ń tẹ àárín lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n igun tábìlì ni ènìyàn ń fara tì. Bí ẹrù bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́ta náà yí ká, tábìlì a dojú dé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta dára fún iná, mẹ́rin ni ó dára fún tábìlì. Kí ẹsẹ̀ náà yà díẹ̀ sí ìta, kí ọ̀pá ìdábùú so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, kí a sì ní pákó pẹlẹbẹ tí a lè fi tẹ́ ìdí èyí tí ilẹ̀ kò bá gbà.

Ní ti ohun tí a fi ṣe é, pákó ìrókò lágbára ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ẹni tí ń ru ú kiri. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n omi àti kòkòrò tètè ń bà á jẹ́ bí a kò bá kùn ún. Irin tí wẹ́dà jó pọ̀ a máa lágbára, iná kì í sì í jó o. Kìkì pé ó ń gbóná, ó sì ń dípẹtà. Tábìlì oníke fúyẹ́, fífọ̀ rẹ̀ kò sì nira. Síbẹ̀, fún àwo àti oúnjẹ tí ó ti jinná nìkan ni ó wà, nítorí pé ó ń yọ́ nítòsí iná. Ohun tí ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu ni ẹsẹ̀ irin tí a lè ká, pẹ̀lú ojú pákó tí a fi páànù bò.

Iná mẹ́rin àti ìwà wọn

Igi ìdáná ni ó ti pẹ́ jù lọ. Ó ń gbé ìkòkò ńlá, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Ní Ìbàdàn gan-an, láàrin ọdún 2013 sí 2015, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìwádìí pẹ̀lú aláboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàrin àwọn wọ̀nyí tó bí ó ti pọ̀ láàrin àwọn tí kò yí ìdáná wọn padà. Ẹni tí ń ṣe oúnjẹ tà ń fa irú èéfín bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí ń se tilé lọ.

Èédú kò ní èéfín púpọ̀, èyí sì ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Gáàsì olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí a ń pè ní carbon monoxide, ń jáde lára rẹ̀. Ní ìta, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé tí a fa ìkòkò èédú wọ inú àgọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a sì pa ilẹ̀kùn dé, ó lè pa gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ bí ẹni tí ó sùn lọ.

Sítóòfù kẹrosíìnì aláfẹ́fẹ́ ti wà láti ọdún 1892, nígbà tí Frans Wilhelm Lindqvist ṣe irú èyí tí a mọ̀ sí Primus ní Sweden. Ti olówùú sì di mọ̀lẹ́bí nínú ilé Yorùbá. Ewu rẹ̀ tí ó ga jù ni epo àdàlù. Kẹrosíìnì mímọ́ kì í gbiná láti ara ooru rẹ̀ àfi bí ó bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 38, ṣùgbọ́n ooru pẹtiróòlù lè gbiná nínú òtútù tí ó lè sọ omi di yìnyín. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wọ inú kẹrosíìnì, sítóòfù di àdó olóró. Ibi tí a bá mọ̀ ni kí a ti rà á, a kò sì gbọdọ̀ da epo sí sítóòfù tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ láéláé.

Gáàsì ni ó mọ́ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣírò agbára rẹ̀. Láti hó omi lítà 10 láti ìwọ̀n ooru 25 dé 100, a nílò nǹkan bí kilojoule 3,150. Kìlógíráàmù gáàsì 1 ń mú nǹkan bí 46,000 jáde. Bí a bá gbà pé ìdajì ooru náà ni ó wọ inú ìkòkò, gíráàmù 137 ni yóò lọ sí i. Nítorí náà, sílíńdà oníkìlógíráàmù 3 yóò hó irú omi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 21. Báyìí ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bí sílíńdà kékeré yóò tó òun tàbí kò ní tó o, kí ó tó náwó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a ń gbà lo gáàsì. Nínú èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní káńpù gáàsì, ojú iná jókòó sórí sílíńdà gan-an. Ó rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó ga, ìdí rẹ̀ sì kéré. Bí a bá gbé ìkòkò ńlá lé e, orí rẹ̀ yóò wúwo ju ìdí lọ. Fún ìkòkò kékeré nìkan ni. A kò sì gbọdọ̀ fi páànù yí i ká pátápátá nítorí afẹ́fẹ́, nítorí pé ooru yóò padà sára sílíńdà. Ẹni tí ń se ìkòkò ńlá yóò lo ojú iná tí ó wà nílẹ̀, tí rọ́bà sì so mọ́ sílíńdà tí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Páànù ìdènà afẹ́fẹ́ lè wà lára irú èyí, níwọ̀n bí sílíńdà ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, kì í gòkè. Ilẹ̀ ni ó ń wọ́ tọ̀, a sì máa sá pamọ́ sínú gọ́tà. Dùgbẹ̀ kò sì ní ọ̀wọ́n gọ́tà. Nítorí náà, sílíńdà kò gbọdọ̀ dúró sí etí gọ́tà, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ tábìlì tí iná wà lórí rẹ̀. Ọṣẹ híhó ni a fi ń yẹ ojú ìsopọ̀ wò láràárọ̀, kì í ṣe iná ìṣáná. Ibi tí ìfóófòó bá ti ń ru sókè ni gáàsì ti ń jò.

Kí iná wà ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé e kọjú sí tapólì tàbí agboòrùn. Kí tábìlì iṣẹ́ wà láàrin iná àti oníbàárà. Kí ẹ̀yìn ẹni tí ń dáná má ṣe di pa. Kí ó ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí garawa iyanrìn wà nítòsí, pẹ̀lú ìdérí tí ó tó agbada bò. Bí òróró bá gbiná, ìdérí ni a fi ń pa á. Omi kì í pa á. Ńṣe ni yóò fọ́n ọn ká sára ènìyàn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ní láti ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi iná tí ó dúró dáadáa àti tábìlì iṣẹ́ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí èrè bá wọlé, kí ó fi rọ́bà àti rẹ́gúlétọ̀ tí ó péye ṣáájú àwo tuntun, kí ó sì fi tábìlì kejì ṣe ìkẹyìn. Iṣẹ́ oúnjẹ títà ni ọ̀pọ̀ ìyá fi rán ọmọ níwèé. Ọ̀sán kan péré ni ìkòkò tí ó dànù lè fi gba owó iṣẹ́ náà àti awọ ara ẹni tí ń ṣe é. Ẹni tí ó bá ti mọ oúnjẹ tí òun ń sè, tí ó mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀, tí ó sì mọ ìwà iná rẹ̀, ti mọ ohun tí yóò rà. Lẹ́yìn náà ni ó lè wá bèèrè iye owó.