Ta Ni Ẹnìkejì Láti Apá Òsì?



Nígbà tí à ń kun pálọ̀ bàbá mi nílé, lágbègbè Èjìgbò, a já kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan lára ògiri. Fọ́tò Green Eagles tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980 ló wà lórí ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi nàka sí ẹnìkejì láti apá òsì: "Bàbá àgbà, ta nìyí?" Mo wò ó títí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ikán ti jẹ ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí, méje péré ni mo sì dá mọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá.

Kí ló dé tí orúkọ kan fi ń pẹ́ nílẹ̀, tí òmíràn ń parẹ́?

Ẹ jẹ́ ká yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń tẹ fọ́tò àwọn eléré baseball sórí páálí kékeré, àwọn ọmọdé a sì máa kó o jọ. Ní 2022, wọ́n ta ọ̀kan tó jẹ́ ti Mickey Mantle, tí wọ́n tẹ̀ ní 1952, ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Àmọ́ kì í ṣe owó yẹn ló wú mi lórí, ẹ̀yìn páálí ni. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe lórí pápá sí, àtẹni tó lókìkí àtẹni tí kò ní. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tiwa funfun báláú ni.

Àwa, ẹni tó gbá góòlù wọlé là ń rántí. Ní March 22, 1980, ní Sùúrùlérè, a na Algeria ní 3-0. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, "Mathematical", ló gbá méjì wọlé, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Múdà Lawal ló gbá ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló lọ sí ìdíje yẹn, láti 1976 dé 1984. Ó kú ní 1991. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Tàwọn tó wà lẹ́yìn tún wá burú jù. Nínú eré márùn-ún tá a gbá lọ́dún náà, góòlù kan ṣoṣo ló wọ ilé wa. Christian Chukwu, Túndé Bámidélé, Best Ogedegbe tó ṣọ́lé lọ́jọ́ àṣekágbá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe é. Ta ló ń pariwo góòlù tí kò wọlé?

Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ojú tó ni orúkọ ni mi ò lè so pọ̀. Bàbá onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ló mọ gbogbo wọn lójú mọ́ra. A sin ín lọ́dún tó kọjá, mi ò sì bi í rí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bá mi tọ́ka sí mẹ́ta mìíràn. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ mẹ́wàá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ó ku ẹnìkejì láti apá òsì.

Tí irú ẹ̀ bá wà lára ògiri yín, ẹ já a, ẹ gbé e lọ bá àgbà tó mọ̀ wọ́n. Lónìí ni o.