Ìwé Àtìgbàdégbà Ni Kí Ilé Ìkàwé Fi Dán Kọ̀ǹpútà Wò

Ilé ìkàwé tó bá fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwé àtìgbàdégbà ni kó kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìwé lásán, ẹ̀ẹ̀kan là á rà á, ẹ̀ẹ̀kan là á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. Ìwé àtìgbàdégbà, ìyẹn ìwé ìròyìn, mágasíìnì àti jọ́nà, kì í parí. Ẹ̀dà kan lè dé lónìí, kí òmíràn dé lóṣù tó ń bọ̀, kí òmíràn má sì dé rárá, bẹ́ẹ̀ ilé ìkàwé ti san owó rẹ̀ sílẹ̀. Ètò tó bá lè tọ́jú irú èyí, ìwé lásán kò ní ṣòro fún un. Èyí tó jẹ́ pé ìwé lásán nìkan ló yé e, kò yẹ kí ilé ìkàwé náwó lé e lórí, bó ti wù kó lẹ́wà tó lójú.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì lọ, nítorí inú ìwé àtìgbàdégbà ni apá tó pọ̀ nínú ìtàn wa wà. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ lọ́dún 1928, ló tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ka ìtàn náà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Èkó ṣe gbà á nígbà náà, àfi kó tú ìwé ìròyìn náà wò láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀gùn ní Èkó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́, tàbí sí Yunifásítì Èkó ní Akọka, kí ló máa bá níbẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà bá sọ fún un pé ilé ìkàwé ní ìwé ìròyìn kan, tí kò sì sọ pé ẹ̀dà oṣù méje kò sí níbẹ̀, irọ́ ni kọ̀ǹpútà náà pa fún un, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì san owó ọkọ̀ irọ́ náà.

Ohun kìíní tó yẹ ká wò ni bí ètò ṣe ń tọ́jú ìwé tó ń tún nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀; ẹ jẹ́ ká mú jọ́nà Odù gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Ọdún 1955 ló bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí jọ́nà ẹ̀kọ́ nípa Yorùbá, Ẹdó àti àwọn tó bá wọn tan. Lọ́dún 1964, Yunifásítì Ifẹ̀ gbé Odù tirẹ̀ jáde, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdìpọ̀ kìíní. Lọ́dún 1969, ọ̀wọ́ tuntun dé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní. Nọ́ńbà kìíní mẹ́ta ló wà lábẹ́ orúkọ kan. Ètò tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kó sì so wọ́n pọ̀ kí òǹkàwé lè mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, yóò da gbogbo rẹ̀ rú. Ìlànà MARC 21, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé lágbàáyé fi ń kọ àkọsílẹ̀ wọn, ti pèsè àyè fún èyí: 780 fún orúkọ tó ṣáájú, 785 fún èyí tó tẹ̀lé e, 022 fún ISSN, ìyẹn nọ́ńbà oníhóró mẹ́jọ tí a fi ń dá ìwé àtìgbàdégbà mọ̀. Kí olùtajà gbé Odù sórí ètò rẹ̀ lójú wa, ká rí i.

Ohun kejì tó yẹ ká wò ni bí ètò náà ṣe ń retí ẹ̀dà tó ń bọ̀. Koha, tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé ìkàwé Horowhenua ní New Zealand, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January ọdún 2000, wà lára àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ láíbìrì ní Nàìjíríà ń lò. A lè sọ fún un pé jọ́nà kan ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, yóò sì ṣírò ọjọ́ tó yẹ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan dé. Èyí tó bá pẹ́, yóò fi hàn, kí òṣìṣẹ́ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gba owó. Ṣùgbọ́n jọ́nà tiwa kì í sábà bá kàlẹ́ńdà lọ. Ìyanṣẹ́lódì tàbí owó ìtẹ̀wé lè dá a dúró, kí ẹ̀dà méjì wá jáde pọ̀ nínú ìwé kan. Nítorí náà, kì í ṣe jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè tó ń dé déédéé ló yẹ ká fi dán ètò wò. Èyí tó ya aláìgbọràn jù lórí pẹpẹ wa ni ká gbé fún un.

Ohun kẹta ni bí a ó ṣe jáde kúrò nínú ètò náà bọ́ sí òmíràn. Ní àwọn ọdún 1990, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, mú ètò kan tó ń jẹ́ TINLIB wá fún àwọn láíbìrì yunifásítì ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Báǹkì Àgbáyé. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn fi í sílẹ̀ lọ sórí òmíràn. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó wà títí láé, àkọsílẹ̀ wa ló gbọ́dọ̀ pẹ́ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ olùtajà ló máa sọ pé àkọsílẹ̀ yóò jáde ní MARC, òótọ́ sì ni fún orúkọ ìwé. Àkọsílẹ̀ ẹ̀dà tó dé àti èyí tí kò dé sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Nínú Koha pàápàá, inú tábìlì tirẹ̀ ló wà, a sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fa ìròyìn yọ kó tó jáde. Kí a béèrè èyí kí a tó tọwọ́ bọ ìwé.

Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, kí la fẹ́ fi bébà ṣe? Ètò Hinari orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ti ṣí jọ́nà ìṣègùn púpọ̀ sílẹ̀ fún wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àyè ni wọ́n fún wa láti wọlé, a kò ni ilé náà. Jọ́nà tí a lè kà lónìí lè di títì lọ́dún tó ń bọ̀, ètò wa sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọdún tí a ní àti èyí tí a kò ní. Àwọn mìíràn á ní Koha tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló yẹ kí gbogbo ènìyàn gbé. Òótọ́ ni pé a kì í san owó láti gbà á, ṣùgbọ́n a ó sanwó iná, sáfà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí láíbìrì kò bá lè ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí, ọ̀fẹ́ náà lè wọ́n ju èyí tí a rà lọ. Ti àìsíná ńkọ́? Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀dà sórí bébà lóṣooṣù, kí iṣẹ́ má bàa dúró.

Ilé ìkàwé kékeré ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀gùn, tó ń gba ìwé ìròyìn méjì àti mágasíìnì mẹ́ta, kò nílò gbogbo èyí. Tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, tó ní orúkọ, ISSN, ìdìpọ̀, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó dé, tó fún un, bí ẹnì kan bá ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Fún ilé ìkàwé tó tóbi, kí ìgbìmọ̀ tó ń yan ètò gbé jọ́nà márùn-ún tó le jù fún gbogbo olùtajà, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé àtìgbàdégbà wọlé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ló yẹ kó wúwo jù nígbà ìpinnu, nítorí òun ni yóò máa lò ó lẹ́yìn tí olùtajà bá ti lọ.