Bí Ẹni Tí Kò Ní Ohun Ìdógò Ṣe Lè Rí Owó Yá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ní agbègbè Lọ́kọ́ja, òjò kì í dúró de ẹni tí kò rówó ra èbù. Bí àgbẹ̀ bá sì dé báńkì, ohun ìdógò ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ilẹ̀ tí a pín fún wa ní oko ìtẹ̀dó kì í ṣe tiwa láti fi dógò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ sọ́wọ́ olówó sogúndogójì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus, olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, rí irú ìṣòro yìí ní abúlé Jobra. Ní 1976, ó yá ènìyàn 42 ní owó tó tó dọ́là 27 láti inú àpò ara rẹ̀. Wọ́n san án padà. Iṣẹ́ yìí di Báńkì Grameen ní 1983, òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 2006.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ènìyàn márùn-ún máa ń kóra jọ, wọn a sì máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnìkan bá jáfara, ọ̀nà lè dí fún àwọn yòókù. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: nínú èsúsú, ìwà ẹni ni ohun ìdógò.

Ní ilẹ̀ wa, Godwin Ehigiamusoe, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bẹ̀rẹ̀ LAPO ní Ogwashi-Uku ní 1987. Ìjọba àpapọ̀ dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, Tai Solarin sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2000, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ báńkì àwọn àgbẹ̀, èyí tí à ń pè ní Bank of Agriculture lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Owó tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá ẹni tó ń ta gàárì lójoojúmọ́ mu. Iṣu kì í ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omíyalé odò Ọya àti Benue ní 2012 àti 2022 sì fi hàn pé irè oko lè bá omi lọ kí ọjọ́ ìkórè tó pé.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé:
1. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ san owó. Fún iṣẹ́ oko, ẹ wá owó tí sísan rẹ̀ yóò di ẹ̀yìn ìkórè.
2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò gbogbo owó tí ẹ ó san, tèlé tòwò.
3. Ẹ mọ̀ pé ètò onígbọ̀wọ́ tí òfin 1977 dá sílẹ̀, èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ń bójú tó, ń gba báńkì lọ́wọ́ àdánù ìdá 75 nínú 100 owó tí àgbẹ̀ kò rí san. Báńkì ló wà fún. Kò pa gbèsè àgbẹ̀ rẹ́.
4. Ẹni tí ẹ mọ ìwà rẹ̀ ni kí ẹ bá wọ ẹgbẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ́ ni kí a gbá jọ.