Omi Tí Yóò Kún Ní Àfonífojì Ti Kọ́kọ́ Kọjá Ní Ṣàbẹ́

Nípa àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run, tí wọ́n ń wọn òjò, tí wọ́n sì ń wo gíga odò kí àkúnya tó dé

Bí oṣù kẹjọ bá wọlé, tí òjò sì dáwọ́ dúró díẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ewu omi ti kọjá lọ. Ilẹ̀ a gbẹ, àwọn ìyá a sì sá àgbàdo sí oòrùn. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí gan-an ni ọkàn àwọn kan láàrin wa kì í balẹ̀. Wọn kì í ṣe babaláwo, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ni ẹlòmíràn, àgbẹ̀ ni ẹlòmíràn, apẹja tàbí ọlọ́kọ̀ ojú omi ni àwọn mìíràn. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé ojú wọn kì í kúrò lára sánmọ̀ àti lára odò. Wọ́n a gbé agolo sí àárín àgbàlá láti fi wọn òjò, wọ́n a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n a wo àwòrán ìkùukùu lórí tẹlifóònù, wọ́n a sì bi ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Ṣàbẹ́ léèrè pé: «Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni omi ṣe ga tó lábẹ́ afárá lónìí?»

Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin àgbẹ̀ tí ó kórè oko rẹ̀ àti èyí tí ó bá oko rẹ̀ lábẹ́ omi.

Odò kan, ìlú púpọ̀

Wẹ̀mẹ̀, tí ìwé Faransé ń pè ní Ouémé, ni odò tí ó gùn jùlọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ó tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Ó ṣẹ̀ ní àwọn òkè Tanéka ní àríwá, ó gba ilẹ̀ Ṣàbẹ́ kọjá, ó gba ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kétu, ó dé Bonou, Adjohoun, Dangbo àti Aguégués, kí ó tó tú omi rẹ̀ sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Lójú ọ̀nà, odò Ọ̀pará, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ààlà pẹ̀lú Nàìjíríà, ti ìlà-oòrùn wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Odò Zou sì ti ìwọ̀-oòrùn wá. Nígbà tí Wẹ̀mẹ̀ yóò fi dé Bonou, òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bí 47,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ni ó ti kó jọ.

Ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà. Gúúsù ní ìgbà òjò méjì lọ́dún: ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, ti èkejì sì jẹ́ àrọ̀kúrò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àríwá kò ní ju ìgbà òjò kan lọ, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ó sì máa ń gbóná jùlọ. Nítorí náà, nígbà tí ará àfonífojì ń gbádùn oòrùn oṣù kẹjọ, òjò ńlá ń rọ̀ lọ́hùn-ún, omi rẹ̀ sì ti mú ọ̀nà gúúsù pọ̀n. Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run Dangbo tí yóò sọ fún onílé pé àlejò ń bọ̀. Odò nìkan ni ó mọ̀, àti àwọn tí ń wo odò.

Omi kì í sì í fi ọjọ́ kan rin ìrìn yìí. Láti Ṣàbẹ́ dé Bonou, ọjọ́ mélòó kan ni ó ń gbà. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni gbogbo ọrọ̀ tí ẹni tí ń ṣọ́ omi ní. Òjò tí ó ti rọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè dá a padà sókè; ṣùgbọ́n ìròyìn lè yára ju omi lọ. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìròyìn. Lónìí, ìṣẹ́jú kan ti tó fún ìpè tẹlifóònù láti Ṣàbẹ́ dé Aguégués.

Àkúnya kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń bọ̀ ní láti mọ irú omi tí ó ń retí. Èyí tí a ti sọ bọ̀ yìí ni àkúnya odò: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń gun òkè, ó sì lè jókòó sórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Irú kejì ni àgbàrá ìgboro. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú òjò àríwá rárá. Ó máa ń wáyé ní pàtàkì nínú oṣù kẹfà, nígbà tí ọ̀wààrà òjò bá rọ̀ sórí Kùtọnù tàbí Àjàṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, tí ilẹ̀ ti mu omi yó, tí gọ́tà sì ti dí. Àárín adágún àti òkun ni Kùtọnù wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ibi tí omi ti ń sinmi láti ayébáyé ni a kọ́lé sí. Àkúnya odò ń fún ènìyàn ní ọjọ́ mélòó kan. Àgbàrá ìgboro kì í fún ènìyàn ju wákàtí mélòó kan lọ.

Fún irú kejì yìí, ojú ọ̀run ni kí a wò, ìlà-oòrùn sì ni kí a kọjú sí. Ọ̀pọ̀ òjò oníjì wa ni ó ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀wọ́ gígùn tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní *ligne de grains*. Ìkùukùu dúdú a kọ́kọ́ yọ bí ọrun ní ìsàlẹ̀ sánmọ̀. Atẹ́gùn a dákẹ́, ooru a mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù a dédé sọ, tí erùpẹ̀ a gbéra nílẹ̀, kí òjò gan-an tó balẹ̀. Àwọn baba wa ti ṣe àkíyèsí ètò yìí kí ìwé tó dé: wọ́n ní Ọya ni ó máa ń ṣíwájú Ṣàngó. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò kó aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀fúùfù bá ti yí padà, kò ní í dúró de àrá.

Agolo, ìwé àti kálámù

Ohun èlò iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba ti tó. A ó gbé e sí gbangba, kí igi tàbí òrùlé má ṣe ṣíji bò ó. Ní àràárọ̀, ní wákàtí kan náà, a ó fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì dà á nù. Mílímítà òjò kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Bí 50 mílímítà bá rọ̀ ní òru kan, òrùlé tí ó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin yóò da 5,000 lítà sílẹ̀, èyí tí í ṣe àgbá 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 200 lítà. Kí olúkúlùkù wá ka iye òrùlé àdúgbò rẹ̀, yóò yé e ìdí tí gọ́tà kékeré kan kò fi lè gbà á.

Ní ti odò, igi ìwọ̀n tí a fi àmì sí ni a máa ń rì mọ́ etí omi. Ìjọba ní ibùdó ìwọ̀n ní Bétérou, ní afárá Ṣàbẹ́, ní Kaboua lórí Ọ̀pará, àti ní Bonou. Àjọ Météo-Bénin ni ó ń kéde ojú-ọjọ́, àjọ tí ń dáàbò bo ará ìlú, ANPC, sì ni ó ń pe àwọn ènìyàn sí ìmúrasílẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ òjò nílé kò gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń túmọ̀ ìkéde náà sí èdè tí ìyá àgbà lóko lè gbọ́, wọ́n sì ń so ó mọ́ ibi tí gbogbo abúlé mọ̀: ẹsẹ̀ igi báyìí, àtẹ̀gùn ilé báyìí, etí ọjà báyìí.

Àwọn àgbà náà ní àmì tiwọn: èèrà tí ń kó ẹyin rẹ̀ gun òkè, ọ̀pọ̀lọ́ tí ń ké, òṣùpá tí ó fa agbo yí ara rẹ̀ ká. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yẹ kí a fi wọ́n rọ́pò igi ìwọ̀n. Èèrà mọ ọ̀rinrin ilẹ̀ tí ó ń gbé. Kò mọ òjò tí ó rọ̀ ní Tanéka.

Ọdún 2010

Ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí tí àwọn wọ̀nyí kì í fi í sùn dáadáa nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó rántí ọdún 2010. Nínú ìlú 77 tí ó ní mẹ́rì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, 55 ni omi dé. Nǹkan bí 680,000 ènìyàn ni ó kàn, ènìyàn 46 ni ó sì kú. Ilé alámọ̀ wó lulẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oko lọ, ẹran ọ̀sìn lọ, omi kànga bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì lè ṣílẹ̀kùn. Òjò náà kò bọ́ láti ọ̀run lọ́jọ́ kan ṣoṣo, odò kò sì kún ní ìṣẹ́jú kan.

Síbẹ̀, ará àfonífojì kì í bú odò. Àkúnya ni ó ń gbé ilẹ̀ ọlọ́ràá wá sínú oko. Bí omi bá ti fà, wọ́n a gbin nǹkan sí ibi tí ó ti kúrò. Inú ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní *whédo*, ni ẹja máa ń há sí nígbà tí omi bá ń padà. Ọdún tí odò kò bá kún rárá, ìyà ni fún apẹja. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tí ń ṣọ́ omi fi ṣòro: ohun tí wọ́n ń retí jẹ́ oúnjẹ títí dé ìwọ̀n kan, bí ó bá ré ìwọ̀n náà kọjá, ọ̀fọ̀ ni. Mítà kan péré lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì.

Ohun tí Tógò ti ṣe

Ní odò Mónò, àwọn aládùúgbò wa ti fi ọ̀nà kan hàn. Ìdídò Nangbéto, tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ni, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, kò jìnnà sí ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀ agbègbè Atakpamé. Bí omi ẹ̀yìn rẹ̀ bá kún jù, a ní láti tú u sílẹ̀, ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì gbà á. Nítorí náà, ẹgbẹ́ Croix-Rouge ti Tógò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìdídò náà jọ lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní FUNES, tí ń fi òjò òkè odò ṣírò omi tí yóò jáde kí ó tó jáde. Ní àwọn abúlé, a rì igi ìwọ̀n tí a fi ọ̀dà aláràbarà kùn: ẹni tí kò mọ̀wé rárá mọ̀ pé bí omi bá kan àwọ̀ pupa, àkókò ìdúró ti tán. Ará abúlé fúnra wọn ni ó ń ka igi náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún wa

Àwọn baba wa ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A lè fi kún un pé ìlú tí ó bá gbàgbé òkè odò rẹ̀, omi ni yóò bá a lórí ibùsùn. Ṣàbẹ́, Kétu àti Àjàṣẹ́ ti jọ ní ìtàn, wọ́n jọ ní èdè, wọ́n sì jọ ní odò. Ẹni tí ó wà lókè tí ó rí i tí omi ń ga, tí kò sọ̀rọ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó rí ejò lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó bá pariwo «omi dé» lẹ́ẹ̀mẹta tí omi kò dé, kò sí ẹni tí yóò dìde fún un ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Kí a sọ iye tí a wọ̀n, ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, àti ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n; kí a má ṣe fi àwòrán àkúnya ọdún mìíràn ránṣẹ́ lórí WhatsApp; kí a sì jẹ́ kí ìkéde àwọn àjọ tí ó ni iṣẹ́ náà ṣíwájú ti wa.

Ọjọ́ márùn-ún tó fún ìdílé kan láti kórè àgbàdo, bí kò tilẹ̀ gbó tán. Láti gbé irúgbìn àti ìwé ọmọ sí òkè àjà. Láti da ewúrẹ́ lọ sí ilẹ̀ gíga. Láti gbé arúgbó àti aláìsàn lọ sọ́dọ̀ ẹbí kí ọ̀nà tó gé. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó nílò owó ńlá. Ohun tí gbogbo wọn nílò ni ẹnì kan lókè odò tí ó wo omi láàárọ̀, tí ó sì pe ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.