Ohun tí Google àti Facebook mọ̀ nípa wa: Ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà dé ọwọ́ ìjọba

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2013, ìwé ìròyìn The Guardian gbé ìwé àṣẹ kan síta tí kò yẹ kí ojú ará ìta tó. Ilé ẹjọ́ kan tó máa ń jókòó ní bòńkẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà ló fọwọ́ sí i. Ìwé náà pàṣẹ fún ẹ̀ka kan ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù Verizon pé kó máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún àjọ NSA lójoojúmọ́: ta ló pe ta, ìgbà wo ni, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. NSA ni àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè. Kì í sì í ṣe àkọsílẹ̀ afurasí kan ni wọ́n ní kí Verizon kó wá. Ti gbogbo oníbàárà ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí òmíràn fi jáde. The Guardian àti The Washington Post ròyìn ètò kan tó ń jẹ́ PRISM, tí NSA fi ń gba ímeèlì, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án. Microsoft, Google, Yahoo, Facebook, YouTube, Skype àti Apple wà lára wọn. Edward Snowden, ọmọ ọdún 29 tó ń bá iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ fún NSA ní Hawaii, ló tú àṣírí náà. Ó sá lọ sí Hong Kong, ó gba ibẹ̀ dé Moscow, Rọ́ṣíà sì sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2022.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden ti bi James Clapper, ọ̀gá àgbà àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ní gbangba ilé aṣòfin, bóyá NSA ń kó ìsọfúnni jọ nípa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ará Amẹ́ríkà. Clapper ní rárá. Nígbà tí ìwé Verizon jáde, ó kọ lẹ́tà pé èsì òun kò tọ̀nà, ó sì tọrọ àforíjì.

Láti ìgbà náà, àwọn kan á ní iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńláńlá làwọn kò fọkàn tán, àwọn mìíràn á ní ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni tọ̀tún tòsì ń sọ. Iléeṣẹ́ ń kó ìsọfúnni jọ kó lè rí owó ìpolówó ọjà gbà. Bó bá ti kó o jọ tán, ìjọba á wá bí yóò ṣe dé ìdí rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ògiri yìí ti lanu: àṣẹ òfin, yíyọ́ wọlé, àti owó.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé rárá ni àjọṣe yìí ti wà. Láti 1945, iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́, ìyẹn Western Union, RCA àti ITT, ń fún àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà láǹfààní láti da ọ̀rọ̀ tó ń wọ ilẹ̀ náà àti èyí tó ń jáde kọ. SHAMROCK ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Kò sí ìwé àṣẹ adájọ́ kankan nídìí rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi wà. Ìgbìmọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ Frank Church darí ló tú u síta ní 1975.

Nítorí irú àṣìlò báyìí ni wọ́n ṣe ṣòfin FISA ní 1978, tí wọ́n sì dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ kí NSA má bàa tún máa dá ṣe bó ṣe wù ú. Ilé ẹjọ́ ọ̀hún gan-an ló wá fọwọ́ sí ìwé Verizon.

Àwọn kan á ní, "Wọn ò kúkú gbọ́ ohun tí mo sọ, nọ́ńbà lásán ni wọ́n kó." Ẹ wò ó báyìí: obìnrin kan pe ilé ìwòsàn aláboyún láàárọ̀, ó pe lọ́yà lọ́sàn-án, nígbà tó di aago méjì òru ó pe ìyá rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é? Michael Hayden, tó ti jẹ́ ọ̀gá NSA rí, sọ ní gbangba ní 2014 pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé tó fi ń pa èèyàn.

Ọ̀nà kìíní: àṣẹ òfin

Nígbà tí ìròyìn PRISM kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé NSA ní kọ́kọ́rọ́ ilé Google lọ́wọ́. Àwọn iléeṣẹ́ náà sẹ́, ó sì hàn níkẹyìn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìjọba á fi àdírẹ́sì ímeèlì tàbí orúkọ ìwọlé ẹni tó ń wá ránṣẹ́, iléeṣẹ́ á sì kó ohun tó jẹ́ ti ẹni náà fún un. Abala 702 nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 2008 ló fún wọn lágbára yìí. Adájọ́ kì í yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò. Ìlànà tí wọn yóò tẹ̀ lé ló máa ń fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ta ni òfin náà ń wá? Ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, tí kò sì sí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàn ará Ìbàdàn, ó kàn ará Kútọnù. Bí wọ́n bá ti gbà pé wọn yóò rí ohun kan gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nínú Gmail ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kò nílò ìwé àṣẹ adájọ́ lórí orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó sì ti di ará Amẹ́ríkà ní Houston kò bọ́ pátápátá: bí wọ́n bá ń ṣọ́ ẹni tó ń kọ̀wé sí i láti ilé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà á bọ́ sínú àká kan náà. Àjọ FBI sì láǹfààní láti wá nǹkan nínú àká yẹn. Ìwé ilé ẹjọ́ tí wọ́n tú síta ní oṣù karùn-ún 2023 fi hàn pé ó ju ìgbà 278,000 lọ tí FBI wá nǹkan níbẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́. Àwọn tó wọ́de lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd wà lára àwọn tí wọ́n wá orúkọ wọn.

Ṣé iléeṣẹ́ kò lè kọ̀ ni? Yahoo gbìyànjú. Ó kọ̀ ní 2007, lábẹ́ òfin tó ṣáájú ti 2008 yẹn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ìjọba ní àwọn yóò máa gba $250,000 ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò bá ṣe é. Yahoo pàdánù ẹjọ́ ní 2008. Ìgbà tó di 2014 ni wọ́n tó yọ̀ǹda kí ìwé ìgbẹ́jọ́ náà jáde sí gbangba. Ibi tí àìfọkàntán ti ń ta gbòǹgbò gan-an nìyí. Iléeṣẹ́ tó jà fún oníbàárà rẹ̀ àti èyí tó gbà láìjanpata, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tó wà níta, nítorí òfin ti pa àwọn méjèèjì lẹ́nu mọ́.

Ọ̀nà kejì: yíyọ́ wọlé

Ní oṣù kẹwàá 2013, The Washington Post ròyìn ètò mìíràn tó ń jẹ́ MUSCULAR. NSA àti GCHQ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jọ ń ṣe é. Wáyà tó so àwọn ibùdó kọ̀ǹpútà Google pọ̀ mọ́ra ni wọ́n ń fetí sí lókèèrè, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Yahoo. Ọ̀rọ̀ tó ń ti orí fóònù wa lọ sí Google máa ń wà ní títì pa lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, gbalasa ló ń rìn láti ibùdó kan dé èkejì nígbà náà. NSA ya àwòrán ibi tí títì náà ti ń ṣí, wọ́n sì ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí àwọn ẹnjiníà Google gidi gan-an, wọ́n sì ti wáyà inú ilé wọn pa. Ìjọba tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn iwájú fún nípasẹ̀ PRISM ló tún ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọ̀nà kẹta: owó

Èyí ni kò jọ olè rárá, ó sì ti gbòòrò gan-an lónìí.

Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ọ̀rọ̀ Timothy Carpenter, tí wọ́n fẹ̀sùn ìdigunjalè kàn. Àwọn agbófinró ti gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù rẹ̀ wà fún ọjọ́ 127 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Ibi 12,898 ló wà nínú rẹ̀. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà ńkọ́?

Wọ́n ń tà á. Ẹni tó ṣe áàpù lè gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò ìsọfúnni, kó sì fi kóòdù tirẹ̀ sínú áàpù náà. Fóònù á máa sọ ibi tó wà, oníṣòwò á kó o jọ, á sì tà á fún ẹni tó bá lówó. Ní oṣù kọkànlá 2020, ìkànnì ìròyìn Motherboard fi hàn pé oníṣòwò kan tó ń jẹ́ X-Mode ń rí ìsọfúnni gbà láti inú Muslim Pro, áàpù tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù Mùsùlùmí fi ń mọ àkókò ìrun àti ibi tí Mẹ́kà kọjú sí, àti pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ológun Amẹ́ríkà wà lára àwọn oníbàárà X-Mode. Muslim Pro ní òun ti fòpin sí àjọṣe náà. Ní oṣù kìíní 2024, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà fòfin de X-Mode pé kò gbọdọ̀ ta ìsọfúnni nípa àwọn ibi ẹlẹgẹ́ mọ́, irú bí ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra wọn gbà, nínú ìròyìn kan tí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wọn gbé síta ní oṣù kẹfà 2023, pé ohun tí àwọn ń rà lọ́jà lè tú àṣírí èèyàn gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí àwọn gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó rí.

Ǹjẹ́ ó ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni?

Ìjọba ní nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí ni. Ìgbìmọ̀ PCLOB, tí òfin Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti máa yẹ irú iṣẹ́ yìí wò, jábọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 2014. Lórí àkọsílẹ̀ ìpè, ó ní òun kò rí ibì kan ṣoṣo tó ti yí ìwádìí agbésùnmọ̀mí tó doríkọ Amẹ́ríkà padà. Lórí Abala 702, ó ní ó wúlò. Ilé aṣòfin fòpin sí kíkó àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo ará ìlú jọ ní 2015, wọ́n sì fi Abala 702 sílẹ̀. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló dáa, kò rí àbọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ni ìkà, kò rí èkejì.

Títì pa, àti àwọn tó fẹ́ kọ́kọ́rọ́

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Snowden, àwọn iléeṣẹ́ rí i pé ohun tí àwọn fúnra àwọn kò lè kà, kò sẹ́ni tó lè ní kí àwọn kó o wá. WhatsApp ti ọ̀rọ̀ gbogbo oníbàárà rẹ̀ pa ní oṣù kẹrin 2016, débi pé ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. Síbẹ̀, Meta tó ni Facebook àti WhatsApp ṣì lè mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn ìjọba kò fẹ́ èyí. Ní oṣù kejì 2025, ìròyìn jáde pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2016 pàṣẹ fún Apple pé kó ṣínà sí ohun tí àwọn èèyàn tì pa sínú àká rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin náà kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ sọ pé òun gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kàkà kí Apple ṣínà, ó yọ ìtìpa náà kúrò fún àwọn oníbàárà tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tó bá ra iPhone ní Peckham lẹ́yìn ìgbà náà kò rí ààbò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó lè rí lò.

Nílé wa ńkọ́?

Kí a tó dé ilé, ẹ jẹ́ ká wo Yúróòpù. Ẹ̀sùn tí Max Schrems, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ará Austria, kọ nípa Facebook lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Snowden ti mú kí ilé ẹjọ́ fagi lé àdéhùn méjì lórí ìsọfúnni láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2015 àti 2020, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n bu ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 yúrò lé Meta ní 2023. Nàìjíríà náà ti ń gbìyànjú: àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta ní oṣù keje 2024. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé WhatsApp kò fún àwọn ará Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ tó ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ níbòmíràn lórí ìsọfúnni wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè é lẹ́yìn ní oṣù kẹrin 2025.

Apá kan ni ìyẹn. Láti òpin 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kí gbogbo èèyàn so NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ará ìlú, mọ́ síìmù wọn. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ Paradigm Initiative figbe ta pé ìkànnì kan ń ta NIN àwọn èèyàn àti BVN wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ní ₦100. Àjọ NIMC tó ń tọ́jú NIN ní kò sẹ́ni tó wọ inú àká òun. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní ohun tí ẹni kan bá nílò nìkan ni kó gbà, kó má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún tún yọ àwọn àjọ ìjọba sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ojúṣe mìíràn tó là kalẹ̀ bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú tàbí ìwádìí ọ̀ràn ni.

Nítorí náà, ìtanràn Meta nìkan kò lè tán ìṣòro yìí, kí àwọn ará ìlú sì pa áàpù kan rẹ́ kò tó. Ohun tí wọn kò bá kó jọ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ kí wọ́n kó wá, tí kò sẹ́ni tó lè jí, tí kò sì sẹ́ni tó lè tà. Bí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ báńkì, áàpù tàbí ọ́fíìsì ìjọba, bá tún ní kí ẹ fi NIN yín sílẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọdún tó fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀, àti ẹni tó lè wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ tẹnu mọ́.