Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Gàárì

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ẹni tí ó bá jẹ́ kí ẹ̀rù lé òun kúrò lẹ́yìn ẹṣin kò ní mọ ẹṣin í gùn láéláé. Ṣùgbọ́n kí a tó tún un gùn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun kan: kí ni a ṣe fún ẹṣin yìí tí ó fi dá wa? Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ó ń tàpá, tí ó ń buni jẹ, tí ó sì ń da ènìyàn nù, kì í ṣe ẹṣin burúkú. Ẹ̀yìn ni ó ń dùn ún. Bí a bá sì wá ìdí ìrora náà lọ, a lè bá a lára ohun kékeré kan tí a kì í kà sí, èyíinì ni aṣọ tí ó wà láàárín gàárì àti awọ ẹṣin. Ọ̀rọ̀ aṣọ abẹ́ gàárì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí owó yín kò tó ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Bí ẹ kò bá tíì rí ẹṣin ní Ìlọrin, bóyá ẹ ti rí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba. Tàbí kí ẹ rí i ní etí òkun ní Èkó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi ẹṣin gbé ènìyàn fún owó. Níbi gbogbo tí a wí yìí, ara ẹni tí ó gùn ún ni ojú wa máa ń lọ, àti ara aṣọ aláràbarà àti ìjánu tí ń dán. Ta ni ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ gàárì?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin etí òkun yẹn. Ẹṣin kan ṣoṣo ni ó ní, òun ni oko rẹ̀, òun ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ̀yìn ẹṣin náà bá bó, kò gbọdọ̀ ru gàárì mọ́ títí yóò fi jinná, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ kò sí, owó kò wọlé, ṣùgbọ́n ẹṣin yóò jẹun ní òwúrọ̀, yóò sì jẹun ní alẹ́. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán? Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni.

Ẹ wo ẹṣin nígbà tí eṣinṣin bá bà lé e lẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, awọ rẹ̀ ti gbọ̀n, eṣinṣin ti fò lọ. Awọ tí ó mọ̀ pé eṣinṣin bà lé òun, báwo ni kò ṣe ní mọ ẹyọ yanrìn kan, tàbí ojú rírán tí ó le, nígbà tí odindi ènìyàn bá jókòó lé e lórí? Ibi tí nǹkan bá ti ń tẹ awọ mọ́ egungun, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá dáadáa. Bí ó bá pẹ́, ibẹ̀ yóò wú, yóò bó, yóò sì di egbò. Nígbà tí ó bá sì jinná, irun tí yóò hù níbẹ̀ lè jẹ́ funfun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹṣin pupa tàbí dúdú tí ó ní àmì funfun wẹ́wẹ́ ní ibi tí gàárì ń jókòó sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé gàárì ti fìyà jẹ ẹ́ rí.

Egungun ẹ̀yìn ẹṣin kò gbọdọ̀ ru ẹrù. Ẹran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ egungun náà, lọ́tùn-ún àti lósì, ni ó yẹ kí ó gba ìwúwo. Ìdí nìyí tí gàárì tí ó dára fi ní poro láàárín, bí poro oko láàárín ebè méjì, kí ohunkóhun má baà kan egungun. Níwájú, ibi kan wà tí ó ga sókè, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní gegele èjìká. Ibẹ̀ kò ní ẹran púpọ̀, ibẹ̀ ni ó sì máa ń yára bó jù lọ. Lẹ́yìn, gàárì kò gbọdọ̀ kọjá egungun ìhà tí ó kẹ́yìn. Ẹṣin a máa ní egungun ìhà 18 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó bá wà lẹ́yìn ìkejìdínlógún kò ní òpó tí ó gbé e ró.

Kí wá ni iṣẹ́ aṣọ abẹ́ gàárì? Iṣẹ́ mẹ́ta ni. Èkíní, ó ń fa òógùn mọ́ra. Èkejì, kì í jẹ́ kí gàárì ha awọ. Ẹ̀kẹta, ó ń pín ìwúwo káàkiri díẹ̀, kí ó má baà dúró sí ojú kan. Ó tán. Kò lè sọ gàárì burúkú di rere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe àṣìṣe níhìn-ín. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ẹṣin ń bó, wọ́n sì sáré lọ ra aṣọ tí ó nípọn, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí bàtà bá fún yín lẹ́sẹ̀, ṣé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ ó wọ̀ sí i? Ńṣe ni yóò túbọ̀ máa fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹṣin.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí aṣọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ gàárì wò. Ẹ mú ẹṣin dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ gbé gàárì lé ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí aṣọ kankan, láìsì dì í. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo poro rẹ̀ láti ẹ̀yìn: ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ ní òdì kejì. Ẹ ti ìka bọ àárín gàárì àti gegele èjìká: ó yẹ kí ó gba ìka méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ yín sí abẹ́ gàárì níwájú, kí ẹ máa fà á bọ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ kan, lẹ́yìn náà ní ọwọ́ kejì. Bí ó bá ń tẹ̀ yín lọ́wọ́ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dára. Bí ó bá há yín lọ́wọ́ ní ojú kan, ibẹ̀ ni egbò yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí iwájú àti ẹ̀yìn gàárì bá kan ara ẹṣin, tí àárín kò kàn án, gàárì náà kò bá ẹ̀yìn yẹn mu. Irú gàárì bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ awọ tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ó tún un ṣe, tàbí kí ẹ wá òmíràn. Owó tí ẹ bá ná síbẹ̀ kì í ṣe òfò.

Bí gàárì bá dára, aṣọ tí kò nípọn púpọ̀ tó o. Ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá fẹ́ rà á.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ yọ jáde ju gàárì lọ ní ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta, níwájú, lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́. Bí etí aṣọ bá wọ abẹ́ gàárì, yóò máa tẹ ẹ̀yìn ẹṣin bí okùn ni.

Èkejì ni bí a ṣe gé e. Ẹ̀yìn ẹṣin kò tẹ́jú bí tábìlì: ó ga níwájú, ó lọ sílẹ̀ ní àárín, ó sì tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn. Aṣọ tí a gé dáadáa máa ń ga sókè níwájú, kí ó lè tẹ̀ lé gegele èjìká. Èyí tí a gé gbọọrọ yóò máa fà mọ́ gegele náà bí a bá ti di gàárì lé e.

Ẹ̀kẹta ni ojú rírán rẹ̀. Ẹ pa ojú yín dé, kí ẹ fi ọwọ́ ra inú aṣọ náà láti òpin dé òpin. Ohun tí ó bá gún yín lọ́wọ́, yóò gún ẹṣin lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí a fi ṣe é. Òwú dára: ó ń fa omi, ó rọrùn láti fọ̀, kò sì wọ́n. Irun àgùntàn dára jù ú lọ. Ó lè fa omi tí ó tó ìdámẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ó tó dà bí ẹni pé ó tutù lọ́wọ́, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ó tún ń wú padà. Ṣùgbọ́n ó wọ́n ju òwú lọ. Fóòmù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó fúyẹ́, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n òmíràn kì í fa òógùn rárá, ó sì ń mú kí ẹ̀yìn ẹṣin gbóná. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan fún un pọ̀. Bí àwọn ìka méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá jókòó lé e, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Ẹ kán omi díẹ̀ sí inú aṣọ tí ẹ fẹ́ rà. Bí omi náà bá ń yí lọ lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, òógùn náà kò ní wọ inú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹni tí kò ní owó ńkọ́? Kí ó má ra ẹyọ kan tí ó wọ́n gidigidi. Kí ó ra aṣọ òwú méjì tí kò wọ́n, kí ọ̀kan máa wà lórí okùn nígbà tí èkejì bá wà lẹ́yìn ẹṣin. Aṣọ pọ́ọ́kú tí ó mọ́ sàn ju olówó iyebíye tí òógùn àná ti gan mọ́ lára. Bí èyí náà bá sì le, kúbùsù onírun àgùntàn tí ó ti gbó díẹ̀ ńkọ́? Ẹ ká a kí ó nípọn dọ́gba, kí etí rẹ̀ má ṣe wọ abẹ́ gàárì, kí ó má sì hunjọ. Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kúbùsù kíká ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà ń tẹ́ sí abẹ́ gàárì McClellan, tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1859. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ojú kan bá dọ̀tí, a lè tún un ká kí ojú tí ó mọ́ bọ́ sí ara ẹṣin. Aránṣọ àdúgbò yín náà lè fi òwú sí àárín aṣọ méjì, kí ó rán an mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára fún ọjọ́ ọdún, etí tí ó rọ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ kó o sí. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ gàárì.

Bí a ṣe ń tẹ́ ẹ náà ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ẹṣin, kí ẹ yọ yanrìn àti èèmọ́ kúrò. Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí yanrìn lábẹ́ gàárì, ọlọ ni. Ẹ gbé aṣọ náà sí iwájú díẹ̀, kí ẹ fà á sẹ́yìn, kí irun lè sùn bí ó ṣe ń hù. Bí ẹ bá ti gbé gàárì lé e, ẹ fi ọwọ́ ti aṣọ náà sókè wọ inú poro gàárì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fa ọ̀já ikùn, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá tú gàárì, ẹ ka ẹ̀yìn ẹṣin bí ẹni ń ka ìwé. Bí òógùn bá rin ín dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, tí ojú egungun ẹ̀yìn nìkan gbẹ, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ojú kékeré kan bá gbẹ láàárín ibi tí ó tutù, ẹ tẹ ibẹ̀ wò. Yálà gàárì ń tẹ ibẹ̀ jù tí òógùn kò fi ráyè jáde, tàbí kò kan ibẹ̀ rárá. Bí ibẹ̀ bá wú, tàbí bí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe di gàárì lé e ní ọjọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni egbò ńlá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa fọ aṣọ náà déédéé. Ọṣẹ díẹ̀ tó, ṣùgbọ́n omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, nítorí ọṣẹ tí ó bá kù sínú rẹ̀ lè mú kí awọ máa yún ẹṣin. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ má sì ṣe yá aṣọ ẹṣin kan fún ẹṣin mìíràn, nítorí làpálàpá ń gba ibẹ̀ ràn. Ó ń ran ẹṣin, ó sì ń ran ènìyàn.

Bóyá ẹnìkan nínú yín ń wí pé, "Èmi kò ní ẹṣin, kí ni èyí kàn mí?" Ó kàn ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ san owó láti gun ẹṣin, ní etí òkun tàbí ní ọjọ́ ọdún, kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ sọ fún ẹni tí ó ni í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí gàárì, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀." Bí ẹ̀yìn náà bá mọ́, tí aṣọ rẹ̀ sì mọ́, gùn ún, kí o sì sanwó fún un tayọ̀tayọ̀. Bí o bá rí egbò níbẹ̀, má gùn ún. Ẹṣin kò ní ẹnu tí yóò fi ké sí wa. Àwa tí a ní ojú ni kí a bá a wo abẹ́ gàárì.