OWÓ LỌ́ŃDỌ̀NÙ DÁWỌ́ DÚRÓ, IṢẸ́ KÚDẸ̀TÌ Ò DÁWỌ́ DÚRÓ!

Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Àìmọye àdúgbò ni wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ̀rọ ọ̀hún dẹnu kọlẹ̀ kété tí àwọn olówó rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn olówó, kó wo Kúdẹ̀tì n'Ìbàdàn.

Lọ́dún 1853 ni Àlùfáà David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fowó ránṣẹ́. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ogun dé, owó tán

Lọ́dún 1860, ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Èkó bá dí pa. Owó ò wọlé mọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo àti ata sè wá di oúnjẹ òyìnbó! Wọ́n ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó rówó ẹyọ náwó ọjà, àánú àwọn ará ìlú ló sì gbé wọn ró. Ọdún 1865 ni ogun tó parí.

Àwọn tó jogún iṣẹ́

Owó Lọ́ńdọ̀nù padà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 1869 tọkọtaya náà kó lọ pátápátá. Ṣé iṣẹ́ wá kú? Rárá o! Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, ló gbà á, ó sì wà nídìí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1912 ló kú. Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kúdẹ̀tì ni, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kúdẹ̀tì lọ́dún 1899 wà lára ohun tó di St. Anne's, Mọ́lété, lọ́dún 1950.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Bí aláàánú bá fẹ́ gbẹ́ kànga fún yín, ẹ má kàn jó kẹ́ ẹ yọ̀. Ẹ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé: ọmọ àdúgbò wo lẹ ó kọ́ ní àtúnṣe ẹ̀rọ? Ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀? Kẹ́yin náà máa dá owó díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń dá èsúsú. Àlejò á lọ, onílé ló ń gbélé.